Oṣù kan ààbọ̀ ní Bayreuth, kò sẹ́ni tó ń kí mi: ẹ̀yin tí ẹ ti kàwé ní Jámánì rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Ifẹ̀ (16 Oṣù Kọkànlá)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo kí àgbà, mo kí ọmọdé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta ni mí ní Ilé-Ifẹ̀, ìmọ̀ ìtàn ni mò ń kà. Ètò pàṣípààrọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé mi wá sí Bayreuth, ìlú kékeré kan ní apá àríwá Bavaria ní Jámánì. Sàá ẹ̀kọ́ kan péré ni. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni mo dé, ìparí oṣù Kejì ni mo máa padà sílé. Ní báyìí tí a wà ní àárín oṣù Kọkànlá, ẹkún mi ti ń pọ̀ ju ẹ̀rín lọ.

Kí ẹ má baà rò pé ebi ló ń pa mí: rárá. Owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ ń wọlé lásìkò. Yàrá mi mọ́, ó gbóná, omi ẹ̀rọ wọn ṣeé mu láìsè. Àwọn olùkọ́ mọ iṣẹ́ wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó ń kí mi.

Àwa mẹ́fà la jọ ń lo ilé ìdáná kan níbi tí mò ń gbé: ọmọ Jámánì mẹ́rin, ọmọbìnrin kan láti Vietnam, àti èmi. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, mo wọ ilé ìdáná láàárọ̀, mo bá àwọn méjì níbẹ̀. Orúnkún mi ti tẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo kí wọn ní èdè wọn, mo béèrè bóyá wọ́n sùn dáadáa. Ọ̀kan wò mí, kò mọ ohun tó máa sọ. Èkejì ní “Hallo”, ó gbé kọfí rẹ̀, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, “Hallo” náà ni. Ẹni tó wà ní yàrá tó kan tèmi, mi ò tíì mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Orúkọ ìdílé rẹ̀ nìkan ni mo rí lára ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ọ̀rọ̀ ìwé ṣẹlẹ̀. Màmá mi máa ń pè mí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n sì ti jẹun. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ nílé, aago mẹ́wàá ààbọ̀ ni lọ́dọ̀ mi nígbà náà. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń gbàdúrà lórí fóònù, ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe àmín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mi, ìlà mẹ́ta, kò sí orúkọ. Mo fi fóònù túmọ̀ rẹ̀: láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ ni Ruhezeit, àsìkò ìdákẹ́jẹ́, kí n jọ̀wọ́ rántí. Ohun tó wà nínú ìwé náà kọ́ ló dùn mí. Mo fura pé ẹni yàrá tó kan tèmi ló kọ ọ́, ìṣísẹ̀ márùn-ún ló sì wà láàárín ilẹ̀kùn rẹ̀ àti tèmi. Kí ló dé tí kò kàn kanlẹ̀kùn?

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ kìíní oṣù yìí bọ́ sí Sátidé. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ gbogbo Ẹni Mímọ́ ni, tí gbogbo Bavaria ń fi ṣe ìsinmi. Mo mú báàgì, mo rìn dé ṣọ́ọ̀bù, ìlẹ̀kùn tì. Lọ́jọ́ kejì, Sọ́ńdè, wọn kì í ṣí ní Sọ́ńdè rárá. Ìrẹsì díẹ̀ àti ẹyin méjì ni mo fi lo ọjọ́ méjèèjì. Àwọn tó kù ti ra oúnjẹ kún fíríìjì láti Fúráìdé. Wọ́n rí mi tí mò ń jẹ ìrẹsì funfun. Wọn ò bi mí, èmi náà ò sì sọ.

Nínú kíláàsì pàápàá, nígbà tí olùkọ́ parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo wọn fi ìkúùkù bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì. Àyà mi là gààrà. Mo rò pé ó ṣẹ̀ wọ́n ni. Àṣé bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún olùkọ́ nìyẹn.

Ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń ti àárín ìlú bọ̀ nínú òkùnkùn yẹn, mo gbójú sókè, mo rí ilé ńlá kan, mo ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀: IWALEWAHAUS. Ìwà lẹwà! Èdè mi, lára ilé wọn. Mo dúró síbẹ̀, mo sunkún títí òtútù fi lé mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ṣé bí wọ́n ṣe rí nìyí, àbí èmi ni mo ṣe ohun tí kò yẹ? Ṣé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì wálé fún Kérésì?

Bàbá Tólú, Dublin (16 Oṣù Kọkànlá)

Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Olúwa á tù ọ́ nínú.

Ìmọ̀ràn tèmi kò gùn. Má wojú òyìnbó. Ọdún kọkànlélógún mi rèé ní Dublin, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló gbé mi ró. Nígbà tí ìyàwó mi bí àkọ́bí, àwọn ló se ọbẹ̀ fún wa fún odidi oṣù kan. Nürnberg kò jìnnà sí ọ, ìlú ńlá ni, kò lè ṣàì sí àwọn èèyàn wa níbẹ̀. Wá wọn rí, máa lọ ní Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan. Wàá gbọ́ Yorùbá, wàá jẹ ìrẹsì tó ní ata, ọkàn rẹ á balẹ̀ di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Oṣù mẹ́rin kò tó láti fi sọ òyìnbó di ọ̀rẹ́.

Ti tíkẹ́ẹ̀tì Kérésì, má dán an wò. Owó ńlá ni, ìwọ náà á sì tún padà wá bá òtútù oṣù Kìíní, èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀.

Títí Leipzig (17 Oṣù Kọkànlá)

Àdùkẹ́, àbúrò mi, kú ìfaradà. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ṣe irú ètò yẹn, ìlú yẹn gan-an, sàá òtútù 2014 sí 2015. Èkó ni mo ti lọ. Leipzig ni mo ń gbé báyìí, ibí ni mo ti bí ọmọ mi méjèèjì.

Bàbá Tólú, ẹ ṣeun sà. Mi ò bá yín jiyàn lórí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó lọ dáadáa. “Má wojú òyìnbó” yẹn ni mi ò lè gbà, ẹ má bínú. Ọjọ́ kan ni Sọ́ńdè. Ọjọ́ mẹ́fà tó kù, àwọn márùn-ún yẹn náà ni ọmọ yìí yóò máa bá nílé ìdáná.

Àdùkẹ́, jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọmọbìnrin kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tó ń kọ́ nípa ewéko. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ó yẹ ká jọ mu kọfí. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ lọ wọ bàtà. Ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú báàgì, ó ń ṣí i, ó ní: “Wẹ́sìdé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́ta, ṣé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn?” Ọjọ́ mẹ́jọ! Ó dùn mí wọra. Ife kọfí kan, a ó máa dájọ́ fún un bí ẹni tó ń lọ rí dókítà? Nígbà tí Wẹ́sìdé pé, mi ò kánjú. Aago mẹ́ta ti kọjá ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n kí n tó dé. Mo bá a lórí ìjókòó, ife méjì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan ti tutù, ìyẹn ni èyí tó rà fún mi. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn sọ pé, “Mo rò pé o ò fẹ́ràn mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ti ń sọ nínú ara mi nípa wọn fún oṣù méjì! Wọn ò fẹ́ràn mi, wọn ò fẹ́ràn mi. Òun náà sì jókòó síbẹ̀, ó ń sọ ọ́ nípa mi.

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ohun tí ìkíni jẹ́ fún wa ni aago jẹ́ fún wọn. Bí ọmọ àdúgbò bá gba iwájú màmá rẹ kọjá tí kò kí wọn, ìwọ mọ bó ṣe máa rí lára wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lára ọmọbìnrin yẹn fún ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n, kọfí mi sì ń tutù lójú rẹ̀. Ọjọ́ tó dá fún mi tí mo kà sí àfojúdi, ó ti yọ wákàtí kan nínú ọ̀sẹ̀ rẹ̀, ó ti kọ orúkọ mi sí i, gbogbo ìgbà tó bá ṣí ìwé rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ló ń rí orúkọ mi. Termin ni wọ́n ń pè é. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ tí mo dé, iṣẹ́ ìjọba nìkan ni mo rò pé ó wà fún.

Nítorí náà, má dúró de ìkíni. Dá ọjọ́ fún wọn. Mú ìwé kan, kọ ọ́ pé Sátidé báyìí báyìí, aago 18:30, mo fẹ́ se oúnjẹ ilẹ̀ wa, ẹ wá. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ fíríìjì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Má kàn án sọ lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí kò ní ọjọ́, wọ́n máa ń kà á sí ìkíni lásán.

Ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ ńkọ́? Bí mo ṣe rí i látìgbà tí mo ti ń bá wọn gbé, ẹni tó fẹ́ bá ọ jà ló máa kanlẹ̀kùn rẹ lóru. Ẹni tó kọ̀wé kò fẹ́ kí ojú tì ọ́ ni. Fèsì fún un. Ti ìwé tìrẹ sábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, bẹ̀ ẹ́, sọ pé màmá rẹ ló ń gbàdúrà fún ọ. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé ìṣòro wákàtí kan yẹn ti tán: láti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá tí wọ́n ti dá aago padà, aago wa níbí àti ti Nàìjíríà ti dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni yóò rí títí di ìparí oṣù Kẹta. Bẹ Màmá kí wọ́n máa pè ní aago mẹ́jọ ààbọ̀.

Ohun kejì tó gbà mí ni ẹgbẹ́ akọrin. Ẹgbẹ́ pọ̀ ní ilẹ̀ yìí, Verein ni wọ́n ń pè é: ti àwọn tó ń gun òkè, ti àwọn tó ń kọrin, ti àwọn tó ń dáko lẹ́yìnkùlé. Ní yunifásítì náà, akọrin wà, eré ìdárayá wà. Mú ọ̀kan. Mi ò mọ orin wọn, mi ò sì gbọ́ ìdajì èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, “Hallo” ni. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ikọ́ dè mí mọ́lẹ̀, mi ò lè lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni mẹ́ta ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè mi. Wọ́n ti ń wo ìjókòó mi. Ọjọ́ kan náà, aago kan náà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ohun tó ń sọ èèyàn di ará ilé wọn nìyẹn, ó sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́: máa jáde láàárín aago méjìlá sí méjì kí oòrùn rí ọ, kódà bí kò bá ràn. Ṣí fèrèsé gbayawu fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ àti lálẹ́, bí òtútù ti wù kó mú tó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ògiri á hu èébu. Má ju ike omi nù, sẹ́ǹtì 25 ni wọ́n ń dá padà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù. Tí o bá fẹ́ ro ẹ̀fọ́, wo ara páálí kí o tó sanwó: Blattspinat ni kí o mú. Rahmspinat, wọ́n ti po ọ̀rá wàrà mọ́ ọn. Mo fi ro ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú epo pupa tí mo tọ́jú láti Èkó, mo dà á nù, epo náà sì lọ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Tọ́kì máa ń ní ẹ̀wà olójú dúdú àti ilá. Hartweizengrieß ni kí o fi rọ́pò sẹ́mó.

Kérésì: alẹ́ ọjọ́ 24 ni wọ́n ń ṣe tiwọn, pẹ̀lú àwọn ará ilé wọn nìkan. Ṣọ́ọ̀bù á tì ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kò sì ní ṣí ní ọjọ́ 25 àti 26. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ á dá páropáro. Má jẹ́ kó bá ọ lójijì bíi ti ọjọ́ Ẹni Mímọ́. Béèrè láti ìsinsìnyí lọ́wọ́ ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè bóyá ìdílé kan wà tó ń gba àlejò.

Ilé tó pa ọ́ lẹ́kún yẹn, má dúró síta. Wọlé. Ilé iṣẹ́-ọnà ilẹ̀ Áfíríkà ti Yunifásítì Bayreuth ni, Ulli Beier ló dá a sílẹ̀ ní 1981. Ọmọ Jámánì ni, ó dé Ìbàdàn ní 1950 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ìgbà náà, Susanne Wenger, ẹni tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà ní Òṣogbo. Àjèjì tí kò gbọ́ Yorùbá ni wọ́n nígbà tí wọ́n dé. Àdùnní ò padà sílé mọ́, ọdún 2009 ló kú sí Òṣogbo. Iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́-ọnà Òṣogbo wà nínú ilé yẹn ní Bayreuth. Mo máa ń lọ síbẹ̀ nígbà tí àárò ilé bá ń sọ mí.

Àdùkẹ́ Ifẹ̀ (17 Oṣù Kọkànlá)

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi tọ́jú yín. Bàbá Tólú, ẹ ṣeun sà, mo ti ń wá ṣọ́ọ̀ṣì náà.

Ojú tì mí nígbà tí mo ka ti kọfí yẹn. Ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan nínú wọn ní òun fẹ́ fi ibi ìkówèésí hàn mí ní aago mẹ́wàá. Mo dé ní mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, mi ò bá a. Mo kà á kún àìbìkítà wọn.

Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá lẹ̀wé mọ́ fíríìjì tí ẹnikẹ́ni ò wá ńkọ́? Kí ni kí n sì sè?

Ọmọ Houston (18 Oṣù Kọkànlá)

Ẹ kú àárọ̀ o. Ìrìn tèmi yàtọ̀, òdìkejì tìrẹ ni, Àdùkẹ́, ṣùgbọ́n ó lè wúlò fún ọ.

Houston ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí mi. Ní 2019 mo lọ kọ́ Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ìdílé kan ní Bódìjà. Bí mo bá ti jí, màá wẹ̀, màá wọṣọ, màá fi nǹkan sétí, màá gba iwájú àwọn tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà kọjá lọ kíláàsì. Ẹ̀rín wà lójú mi. Èmi rò pé ẹ̀rín tó. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ tí ìyá onílé sọ fún aládùúgbò pé, “Ọmọ náà dára, àmọ́ kì í kí èèyàn.” Ó sọ ọ́ tìbànújẹ́ tìbànújẹ́. Mo wọ yàrá, mo sunkún bíi tìrẹ.

Ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló kọ́ mi. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ọjà. Ẹ kú ìnáwó. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, ó lé ní ọgbọ̀n. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ìyá alákàrà ti ń fi ènì sí tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí. Kí ó tó mọ́ mi lára, ìkíni àti àlejò tí kò dájọ́ máa ń rẹ̀ mí. Ẹnì kan á wọlé, á jókòó sórí ibùsùn mi, á béèrè ohun tí mo jẹ. Ìfẹ́ ni, mo ti mọ̀ báyìí. Nígbà náà, ṣe ni mo ń wá ibi tí mo lè sá sí fún wákàtí kan péré. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé náà rò pé àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ fún ọ ni oore tí wọ́n ń ṣe ọ́.

Títí Leipzig (18 Oṣù Kọkànlá)

Ọmọ Houston, o ṣeun gan-an. Ohun tí mo ń wá ọ̀rọ̀ fún lo sọ yẹn.

Àdùkẹ́, wọ́n á wá. Fa ìlà márùn-ún sábẹ́ ìwé náà kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ìwọ náà á sì fi mọ orúkọ wọn. Fi àyè sílẹ̀ kí wọ́n kọ ohun tí wọn kì í jẹ, torí àwọn tí kì í jẹ ẹran pọ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́ ibí. Ìrẹsì, ọbẹ̀ ata, dòdò. Dín ata kù. Se ẹran lọ́tọ̀. Ṣí fèrèsé kí o tó gbé epo kaná, torí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín lókè àjà kò mọ ata tó ń dín yàtọ̀ sí ilé tó ń jó.

Àdùkẹ́ Ifẹ̀ (30 Oṣù Kọkànlá)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jíṣẹ́.

Mo lẹ ìwé náà mọ́ fíríìjì ní alẹ́ ọjọ́ 18, fún Sátidé ọjọ́ 29, aago 18:30. Mo wọ yàrá lọ, mi ò lè wojú rẹ̀. Nígbà tí mo jí, orúkọ mẹ́ta ti wà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di Fúráìdé, márààrún ti pé, ẹni méjì kọ ọ́ pé àwọn kì í jẹ ẹran. Mo ti ìwé mìíràn sábẹ́ ilẹ̀kùn aládùúgbò mi bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ. Kò fèsì.

Lánàá, dòdò ṣì wà nínú epo ní aago 18:28 nígbà tí mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbogbo wọn wọlé pọ̀. Mo ti gbàgbé fèrèsé. Ẹ̀rọ òkè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọ̀kan gun àga, ọ̀kan ń fi pákó tí a fi ń gé ẹran fẹ́ ẹ, gbogbo wa ń ké “ṣí fèrèsé!” ní èdè mẹ́ta. Ṣaájú kí a tó jókòó, a ti sọ̀rọ̀ ju ohun tí a sọ láti oṣù Kẹwàá lọ.

Aládùúgbò mi ló kọ ìwé tí mo bá lára ilẹ̀kùn mi yẹn lóòótọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun kọ ọ́ tí òun ń fà á ya kí ó má baà le jù. Mo béèrè ìdí tí kò fi kanlẹ̀kùn. Ó ní ohùn tí òun ń gbọ́ dà bí ohùn ẹkún, òun rò pé ẹnì kan ló kú nílé wa, òun ò fẹ́ já lu ọ̀fọ̀ mi. Mo ṣàlàyé àmín fún un. Ó kọ̀wé yẹn tán, kò lè sùn mọ́.

Ọmọ Vietnam gbé ẹran wá, tí ó fi ohun pélébé tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe wé. Ó sọ pé nílé wọn, àwọn náà máa ń tẹrí ba fún àgbà, àti pé nígbà tó rí mi tí orúnkún mi tẹ̀ lọ́jọ́ kejì yẹn, ó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tì í lójú. Oṣù méjì la fi gbé tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa, tí àwa méjèèjì ń dákẹ́ fún ara wa.

Kò sí dòdò tó ṣẹ́kù. Kí wọ́n tó dìde, wọ́n yọ fóònù, wọ́n dá ọjọ́ mìíràn: ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, ọmọ Vietnam ló máa sè. Láàárọ̀ òní, mo bá òdòdó ewé kan tí wọ́n ká bí òṣùká lórí tábìlì ìdáná, àbẹ́là mẹ́rin wà lórí rẹ̀, wọ́n tan ọ̀kan. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ ti Ádífẹ́ǹtì ni, ìyẹn àwọn ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń dúró de Kérésì, wọ́n ní kí n tan èyí tó ń bọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ti ní kí n bá òun lọ sí abúlé àwọn òbí òun láti ọjọ́ 23 sí 26. Mo sọ fún Màmá mi lórí fóònù, ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Yáàdì mẹ́ta àdìrẹ Abẹ́òkúta wà lọ́wọ́ mi tí mi ò tíì rán. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó tó gbé fún ìyá rẹ̀?

Títí Leipzig (30 Oṣù Kọkànlá)

Ó tó, àbúrò mi. Fi ìwé kékeré sí i, kọ ibi tí wọ́n ti pa á láró síbẹ̀, wọ́n á fẹ́ mọ̀. Mú bàtà inú ilé dání, torí wọ́n máa ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ abúlé sì máa ń tutù. Bi ọ̀rẹ́ rẹ ní aago tí ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú irin, kí o sì ti wà ní ibùdókọ̀ kí ó tó dé.